Kòkó àti Bíbélì ní Oko Agége

Ẹni tó bá dúró lábẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú lónìí, tó ń wo bí ọkọ̀ ti ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, kò ní tètè gbà gbọ́ pé oko kòkó àti obì ni agbègbè Agége yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa oko náà, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni a ti rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí à ń kà nínú Bíbélì láìfiyè sí i: ọmọ-ẹ̀yìn.

Ní èdè Gíríìkì, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún wa kò pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ẹ̀yìn ni wọ́n pè é, ẹni tó ń tọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn. (Kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ Gíríìkì má bínú o, ó dára jù bẹ́ẹ̀.) Láàárín wa, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ kì í fi ìwé kọ́ ọ: a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, a máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá tí mo ní lọ́kàn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker. Ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó ni. Ní 1900 ni a fi James Johnson, àlùfáà ìjọ náà, jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di 1901, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell ní kí ó fi Breadfruit sílẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ, ọ̀pọ̀ jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ! Wọ́n jà nítorí rẹ̀, ó jókòó sí ilé Áńgílíkà títí.

Ìjọ tuntun yìí kò ní ẹgbẹ́ kankan ní ìlú òyìnbó tí yóò máa fi owó ránṣẹ́ sí i. Oko ni Coker gbójú lé. J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí Ìjọn ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí 1880. Coker mú Ìfàkọ̀. Ní 1907 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe wá láti òkè, wọ́n kọ́ bí a ti ń gbin kòkó àti bí a ti ń sá a. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé náà ni wọ́n ń bá jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, wọ́n kó irúgbìn kòkó àti ìjọ náà lọ pọ̀. A kò ṣàì gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá lè kọ̀ láti bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti dé ilé, tí kò sí ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, kí ló tún mú un kọ́ ilé àdúrà?

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti olóbìnrin púpọ̀. Ní 1888 àwọn bíṣọ́ọ̀bù pinnu ní Lambeth pé a kò gbọdọ̀ ri irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè ri àwọn ìyàwó rẹ̀ bọmi nígbà mìíràn. African Church kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn kan ní ìjọ náà fẹ́ràn ayé jù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí a ní kí ó lé ìyàwó méjì jáde kí ó tó lè máa gbàdúrà pẹ̀lú wa, ta ni yóò gba ìyàwó àti ọmọ wọ̀nyẹn? Ní 1988 gan-an, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Lambeth kan náà gbà pé a lè ri ọkùnrin náà bọmi pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn. Coker ti kú láti 1945.

Lẹ́yìn 1920 ni owó kòkó já wálẹ̀, tí àwọn olóko Agége sì rí ìyà. Nígbà náà, ti Ìbàdàn àti Oǹdó ti ń so.