Orúkọ Tó Yẹ Ọ̀nà Tó Gba Ilẹ̀ Aládùúgbò Kọjá

Ẹbí kan gé ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ó tà á fún ẹni méjì. Ti ọ̀kan wà létí títì, ti èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn kò rọ́nà gbà wọlé àfi ẹ̀gbẹ́ ilé ẹni iwájú. Nígbà tó yá, ẹni iwájú mọ ògiri, ó fi géètì sí i, ó sì ń tì í nígbà tó bá wù ú. Irú ìjà yìí kò ṣàjèjì sí baálẹ̀ tàbí onílàjà kankan, kò sì sí ẹni tí kò lè fẹnu rojọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ àdéhùn rẹ̀ ní Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ń wọ́n.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé ẹjọ́ wa jogún, ń pè é ní easement. Ẹjọ́ Ellenborough Park, tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1955, ka ohun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ pé: ilẹ̀ ní láti jẹ́ méjì, onílẹ̀ wọn ní láti yàtọ̀, ẹ̀tọ́ náà ní láti ṣe ilẹ̀ kan láǹfààní, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe pàtó débi tí a fi lè kọ ọ́ sínú ìwé. "Ẹ̀tọ́ ọ̀nà" kéré fún un, nítorí àgbàrá tó ń gba ilẹ̀ ẹlòmíì ṣàn àti ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ fèrèsé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ aládùúgbò" ni mo fara mọ́ fún odindi rẹ̀. Kí "ẹ̀tọ́ ìkọjá" jẹ́ ti ọ̀nà nìkan.

Orúkọ ilẹ̀ méjèèjì ló le jù. Gẹ̀ẹ́sì pe ọ̀kan ní dominant, ó pe èkejì ní servient, ọ̀rọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Látìn túmọ̀ sí ẹrú. Ẹni tó bá tú u bó ṣe wà á kọ "ilẹ̀ ọ̀gá" àti "ilẹ̀ ìránṣẹ́". Ẹ gbé ìwé yẹn síwájú ẹni iwájú, kí ẹ ní kó fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ tí òun fowó rà ti di ìránṣẹ́ ilẹ̀ ẹni ẹ̀yìn. Géètì tó ń tì lálẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ́sàn-án. "Ilẹ̀ ajàǹfààní" àti "ilẹ̀ afàyègbà" sàn jù. Lójú Yorùbá, ẹni tó fàyè gbani kò kéré.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó tu ẹni iwájú lára yìí ní ewu tirẹ̀: ó lè jọ ojú rere lásán. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ya "ìyọ̀ǹda" sọ́tọ̀. "Ẹ máa kọjá, kò sí wàhálà" jẹ́ ìyọ̀ǹda; ẹni tó sọ ọ́ lè gbà á padà, ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìkọjá so mọ́ ilẹ̀, ó ń bá a dọ́wọ́ àrólé àti ẹni tó rà á.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1832 gbà pé ìlò 20 ọdún lè bí ẹ̀tọ́, bó bá jẹ́ láìfipá, láìfarapamọ́, láìtọrọ àyè. Mo ń pè é ní "ẹ̀tọ́ ìlòpẹ́". Ẹ̀kẹta lè ya ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ ti kọ́ wa tipẹ́: ẹni tó ń san án, bó lo ilẹ̀ títí dọ́mọọmọ, ó ṣì ń jẹ́wọ́ pé ó ní onílẹ̀.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti wà láti 1999 fún irú ìjà báyìí. Ìlàjà ni iṣẹ́ wọn: onílàjà kì í dájọ́, àwọn tó ń jà ló ń fẹnu ara wọn gbà. Bí wọ́n bá gbà, ìwé wọn lè kà báyìí: "Ẹni tó ni ilẹ̀ afàyègbà, àti ẹnikẹ́ni tó bá jogún rẹ̀ tàbí tó rà á, kò ní ti ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 12 yìí mọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ ajàǹfààní. Ẹni tó ni ilẹ̀ ajàǹfààní kò ní gbé ọkọ̀ sùn síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì yóò wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, wọn yóò sì jọ máa tún ọ̀nà náà ṣe."