Ògùnpa, odò

Odò inú ìlú Ìbàdàn, tí wọ́n ti fi kọnkéré mọ etí rẹ̀ ní apá púpọ̀. Ẹni tó bá ti Ìkirè tàbí Àpòmù gba Aṣéjire wọ Ìbàdàn yóò kọjá lórí odò Ọ̀ṣun, tó ṣì ń ṣàn ní gbangba. Ti Ògùnpa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti adágún inú Ọgbà Agodi ló ti gba àárín ìlú lọ sí agbègbè Dùgbẹ̀ àti Òkè-Àdó, ó ń wọ abẹ́ títì, ó ń jáde.

Ní August 31, 1980, lẹ́yìn òjò ńlá, odò yìí kún bo ilé. Àwọn tó kú lé ní 200. Àwọn ará ìlú pè é ní Omíyalé. Ilé tí wọ́n kọ́ sí etídò àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ló dínà mọ́ omi. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba fẹ ojú odò náà, tí wọ́n sì fi kọnkéré mọ ọ́n.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ẹsẹ̀ lè tọ̀ ọ́. Lábẹ́ afárá, ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ògiri máa ń fi ibi tí omi kún dé hàn. Ọ̀rá omi mímu tó há sẹ́nu ihò tí odò ń gbà wọ abẹ́ títì sì pọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọ̀ ọ́, bí òjò bá sì ṣú lókè Agodi, kí ó tètè jáde. Omi tún ya Ìbàdàn ní August 26, 2011. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti dènà ìkún omi níbẹ̀.