Màlúù Tí Ara Rẹ̀ Balẹ̀: Ìwà, Ìran àti Ẹran

Màlúù tí ara rẹ̀ balẹ̀ máa ń sanra ju èyí tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àgbà lásán, àmọ́ wọ́n ti gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn, wà lára wọn. Wọ́n wo màlúù kọ̀ọ̀kan nígbà tó wà nínú àgò irin tóóró tí wọ́n fi ń dá màlúù dúró. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ gba 1. Bí ẹran bá ṣe ń jà tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè. Wọ́n tún ṣírò bí màlúù kọ̀ọ̀kan ṣe ń wúwo sí i lójúmọ́. Àwọn tó dúró jẹ́ẹ́ ló ń wúwo sí i jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí nígbà kan pé kí ni à ń pe "stress" ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò tó o. Tí ẹ̀rù bá ń ba ẹran, a ní ara rẹ̀ ò balẹ̀. Tí ooru tàbí ìrìn jíjìn bá mú un, ó wà nínú ìnira. Tí wọ́n bá ń lù ú, tí wọ́n ń lé e síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdààmú nìyẹn. "Fara balẹ̀" tí ìyá yín máa ń sọ nígbà tí ẹ bá ń sáré nínú ilé, ara ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kí ló dé tí ìbẹ̀rù fi ń dín ẹran kù? Màlúù jẹ́ ẹ̀dá tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ. Tí ẹ̀rù bá bà á, ara rẹ̀ á múra láti sá. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, èròjà bí adrenaline àti cortisol á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oúnjẹ tí ì bá di ẹran sí i lára á wá di agbára eré sísá.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa á ló tún burú jù. Ṣúgà kan wà tí iṣan máa ń tọ́jú pamọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹran tán, ṣúgà yìí á di ásíìdì, ásíìdì yìí ló sì ń jẹ́ kí ẹran pupa dáadáa, kó má tètè bàjẹ́. Màlúù tó ti wà nínú ìbẹ̀rù fún wákàtí púpọ̀ ti ná ṣúgà náà tán. Ẹran rẹ̀ á dúdú, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á sì tètè bàjẹ́. Àdánù ni fún ẹni tó sìn ín àti fún alápatà.

Ìwà yìí jẹ́ àbímọ́ lápá kan, ìyẹn ni pé a bí i mọ́ ẹran náà, ó sì lè fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà ni àgbẹ̀ fi ń ṣà wọ́n. Ní 1988, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà gbé ọ̀nà kan jáde: kí á wo bí màlúù ṣe yára tó ní mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí àgò fún un. Èyí tó já jáde bí ọta ìbọn kì í ṣe ẹran tó yẹ kí á fi bímọ. Akọ kan lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ akọ jù. Àwọn tó ń sin màlúù Limousin ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń tẹ nọ́ńbà ìwà pẹ̀lẹ́ jáde fún akọ wọn, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ irú ọmọ tó ṣeé ṣe kó bí. Àmọ́ Grandin fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí á má ṣe ìwà kan ṣoṣo ní àṣejù. Ìyá màlúù tó tutù jù lè má jà fún ọmọ rẹ̀.

Ìtọ́jú ló kù. Màlúù ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀, àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn èjìká, á lọ síwájú. Tí ẹ bá kọjá sí iwájú èjìká, á fà sẹ́yìn. Kò sí ìdí fún ariwo. Grandin, tó ní autism, máa ń wọ inú ọ̀nà tóóró tí màlúù ń gbà kó lè rí ohun tí màlúù ń rí. Ṣéènì tó ń mì, aṣọ tí ẹnì kan gbé kọ́ sórí ọgbà, òjìji lórí ilẹ̀: èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí gbogbo agbo dúró gbagidi. Àwọn ọ̀nà tó yà máa ń tẹ̀ bí ọrun, wọ́n sì máa ń dí ẹ̀gbẹ́ wọn pa.

Ìwádìí 1997 yẹn rí i pé ara màlúù tó ní ẹ̀jẹ̀ Brahman, ìran oníké tó fara da ooru, kì í tètè balẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Àmọ́ màlúù funfun tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò láti Nàìjíríà, oníké ni òun náà, ẹ sì wo Fúlàní darandaran: kò dè é lókùn, kò há a mọ́ ọgbà, ọ̀pá nìkan ló mú dání. Ní àwọn ọdún 1970, Dale Lott àti Benjamin Hart kọ̀wé nípa wọn. Darandaran máa ń fi ọ̀pá bá èyí tó bá ya olóríkunkun wí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára, ní orí, ní ọrùn, àti láàárín itan, níbi tí ìyá màlúù ti máa ń lá ọmọ rẹ̀.