Oògùn Gbígbóná Nínú Ikùn: Ìtàn Ìwòsàn Kan Tí Ìdánwò Yẹ̀ Wò

Ó ti pẹ́ tí jẹjẹrẹ tó tàn dé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ikùn ti jẹ́ ìṣòro ńlá fún àwọn oníṣègùn. Oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, abẹ nìkan kò sì lè hú gbogbo èérún rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti kọjá àtúnṣe.

Ní 1979, John Spratt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, dán ọ̀nà mìíràn wò. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin ẹni ọdún 35 kan tí nǹkan yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ti kún inú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ da oògùn thiotepa gbígbóná yí inú ikùn rẹ̀ ká. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1980.

Paul Sugarbaker ní ìlú Washington ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1995, ó ṣàlàyé bí oníṣẹ́ abẹ ṣe lè bó awọ ikùn tó ti lárùn kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò da oògùn tó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 41 sí 43 sínú ikùn, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ooru náà ń pa jẹjẹrẹ lára, ó sì ń jẹ́ kí oògùn wọlé dáadáa.

Ní 2003, àwọn oníṣègùn ìlú Amsterdam gbé àbájáde ìdánwò kan jáde lórí ènìyàn 105 tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ti tàn dé awọ ikùn. Ìdajì àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lo ju oṣù 12.6 lọ láyé. Fún àwọn tó gba abẹ àti oògùn gbígbóná, oṣù náà di 22.3. Ayọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ ni àbí ooru ló ṣe é?

Faransé ló wá ìdáhùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn 265, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní oògùn oxaliplatin gbígbóná kún un. Àbájáde tó jáde ní 2021 fi hàn pé oṣù 41.7 ni ti àwọn tó gba oògùn náà, oṣù 41.2 sì ni ti àwọn tí kò gbà á. Lẹ́yìn 60 ọjọ́, ìṣòro ńlá bá ìdá 26 nínú 100 àwọn tó gba oògùn gbígbóná, àti ìdá 15 nínú 100 àwọn yòókù.

Síbẹ̀, ọ̀ràn jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin yàtọ̀. Ní 2018, ìdánwò kan ní Nẹ́dálándì lórí obìnrin 245 fi hàn pé oògùn cisplatin gbígbóná sún oṣù 33.9 dé 45.7.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláìsàn tí yóò farada ìrora ní ẹ̀tọ́ láti mọ èwo nínú àwọn ọwọ́ náà ló ń ṣiṣẹ́.