Oníbodè, Kọ́ńdọ́ àti Fóònù

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ọ̀nà ti ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Oníbodè ni. Ẹnu ibodè ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa wo ẹrù tí oníṣòwò gbé wá, tí yóò sì gba owó ibodè lórí rẹ̀. Bí àwọn olóyè Abẹ́òkúta bá sì bínú sí ìjọba Èkó, ọ̀nà ni wọ́n ń tì. Epo pupa àti èkùrọ́ kò ní í ráyè dé etíkun. Ọ̀rọ̀ yìí ka àwọn òyìnbó lára tó bẹ́ẹ̀ tí Carter, gómìnà Èkó, fi wá bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn ní oṣù kìíní ọdún 1893, pé wọn kò gbọdọ̀ ti ọ̀nà mọ́ àfi bí gómìnà bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tó fi máa di 1901, rélùwéè ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá láti Ìddó lọ sí Ìbàdàn. Mọ́tò tẹ̀lé e, oníbodè sì pòórá.

Ẹni tó wá ń ṣọ́nà lẹ́yìn ìyẹn, inú ọkọ̀ ló wà. Àwọn àgbà tó wọ bóléékájà rí kò jẹ́ gbàgbé kọ́ńdọ́ tó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí àdán. Igi máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́, kọ́ńdọ́ á bẹ́ sílẹ̀, á fi igi há ẹsẹ̀ táyà kó má baà yí padà sẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà ń wo iwájú, kọ́ńdọ́ ń wo ẹ̀yìn. Èyí kò ní kí ìgbà náà sàn o. Ọkọ̀ onípákó tí èrò àti iṣu jọ kún fọ́fọ́, ta ni yóò ní kò léwu? Ṣùgbọ́n ojú méjì pere kọ́ ló ń wa ọkọ̀ náà.

Ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, tó dàgbà sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké, ló wá fi ọ̀rọ̀ ojú títì ṣe iṣẹ́. Wọlé Ṣóyínká ni ọmọ náà. Ó ti kọ eré The Road lórí àwọn awakọ̀ àti ikú wọn ní 1965. Nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Nítorí ìyẹn ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977. Ìjọba àpapọ̀ tú u ká ní 1983. Nígbà tí ìjọba Babangida dá Road Safety sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 1988, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́.

Ní 1988, kò sẹ́ni tó ro ti fóònù. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM dé, tó sì wá di ti tolórí tẹlẹ́mù. Òfin tẹ̀lé e: awakọ̀ tí wọ́n bá mú pẹ̀lú fóònù yóò san náírà 4,000, wọn yóò sì kọ àmì mẹ́rin sí láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Ìbéèrè ni pé báwo ni wọn yóò ṣe mú un? Ẹrù àpọ̀jù hàn sójútáyé, táyà tó ti dán kò ṣeé fi pamọ́. Fóònù ńkọ́? Bí dẹ́rẹ́bà bá ti rí aṣọ Road Safety tàbí ti TRACE, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ́ọ̀ọ́kán, á ti sọ ọ́ sáàárín itan. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ka àtẹ̀jíṣẹ́ ti rin mítà 111 láìwo iwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu ìjàǹbá fún ẹni tó ń lo fóònù nídìí ọkọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Okùn tí wọ́n ń kì sétí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́, nítorí ọkàn ló ti rìn lọ, kì í ṣe ọwọ́ nìkan.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn kò ní kọ́ńdọ́ mọ́. Ẹ̀yin èrò tí ẹ wọkọ̀ ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ló kù. Bí dẹ́rẹ́bà bá gbé fóònù sétí, ẹ ní kó dúró létí títì kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, 122 ni nọ́ńbà Road Safety. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ni kó pè é.