4Runner, Highlander àbí RAV4: jíìpù wo ló bá ọ̀nà Alímọ̀ṣọ́ mu?

Lórí títì ọlọ́dà láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkòtún, Corolla kò ní wàhálà. Bó bá ti yà wọ àdúgbò báyìí ni ikùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ilẹ̀, pàápàá lásìkò òjò tí ọ̀gbàrá bá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé jíìpù làwọn fẹ́ rà báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, jíìpù wo?

Gbogbo ọkọ̀ gíga là ń pè ní jíìpù níbí, bẹ́ẹ̀ Jeep gan-an jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ló ń kó àwọn oníbàárà ṣìnà, torí oríṣi méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n gbé ka orí férémù irin bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù: 4Runner, Prado, Land Cruiser. Àwọn yòókù, ká sọ òótọ́, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbé ga sókè ni wọ́n. Highlander àkọ́kọ́ àti Camry bára wọn tan, RAV4 àti Honda CR-V náà sì wà ní ìsọ̀rí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú 4Runner ti 2003 sí 2009. Baba ni lórí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ikùn rẹ̀ ga tó bíi íǹsì 9 sílẹ̀, nígbà tí ti Corolla kò ju íǹsì 5 àti díẹ̀ lọ. Àmọ́ púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní mẹ́jọ. Nínú àyẹ̀wò tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, lítà epo kan kò gbé oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà yìí ju bíi kìlómítà 6 lọ nínú ìlú. Wọn ò sì wá ṣe àyẹ̀wò yẹn nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìkòtún, pẹ̀lú ẹ́síì títàn o.

Táńkì rẹ̀ ń gba bíi lítà 87. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà kan kò tó ₦200 nílé epo NNPC ní Èkó, ẹ ò sì ní ná tó ₦18,000 kí ẹ tó kún un. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà di ₦488, táńkì yẹn sì kọjá ₦42,000. Owó epo tún ti gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ látìgbà náà. Ọ̀pọ̀ 4Runner tó ń sùn nínú ọgbà láàárín ọ̀sẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn.

Highlander oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ń rin bíi kìlómítà 8 lórí lítà kan nínú ìlú, RAV4 ti 2006 ń rin bíi 9. Ikùn àwọn méjèèjì ga ju íǹsì 7 lọ. Íǹsì méjì tí wọ́n fi ju Corolla yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá kiri. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú wọn wà nínú Camry "Big Daddy" àti "Muscle" pẹ̀lú, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ kì í wọ́n ní Ládípọ̀, mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ ọ́n. Àbùkù kan wà níbẹ̀: RAV4 ti 2006 sí 2008 máa ń mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Toyota fúnra rẹ̀ ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà nígbà kan. Ẹ máa yọ irin ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra, Highlander oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà náà wà lọ́jà.

Four-wheel ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo 4Runner ló ní in, ọ̀pọ̀ tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ó ń ran táyà lọ́wọ́ láti jáde nínú ẹrẹ̀, àmọ́ kò ran bíréèkì lọ́wọ́. Jíìpù tó ga náà sì máa ń tètè dojú dé tí wọ́n bá sáré yà á. Bí omi bá bo ojú ọ̀nà, ẹ má gbójú lé gíga. Omi tó bá gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lè bà á jẹ́ pátápátá, bó bá sì dé "brain box", ìnáwó mìíràn nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹni tó ń lọ Ìkejà láti Ìgàndò lójoojúmọ́ kò nílò 4Runner. RAV4 tàbí Highlander oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin tó fún un. Ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí oko, tàbí tí ilé rẹ̀ wà níbi tí kò tíì sí ọ̀nà rárá, 4Runner ló yẹ ẹ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó sanwó, kó jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé tòkúnbọ̀ náà sókè kó sì fi òòlù kan férémù abẹ́ rẹ̀ wò. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín lókè òkun máa ń jẹ irin yẹn, ọ̀dà dúdú tuntun ni wọ́n sì fi ń bo ìpẹtà rẹ̀.