Àgbẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Ran Ìjọba Lọ́wọ́

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ lónìí, bí ẹni pé ìjọba ń ta aláìní lọ́rẹ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìtàn kòkó nílẹ̀ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ojú òkun le, ẹ̀rù sì ń bani pé kòkó yóò bàjẹ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Lásìkò ogun náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ríra kòkó àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ogun parí, ètò kò parí: ní 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù tí yóò máa ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀.

Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ ni Bọ́ọ̀dù ti máa ń dá iye tí wọn yóò ra kòkó. Iye yẹn ni àwọn alágbàtà tó ní láísẹ́ǹsì ń san ní abúlé, ibi yòówù kí ọjà wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí kòkó bá gbówó lórí lókè òkun, Bọ́ọ̀dù á tọ́jú èyí tó lé. Bó bá já wálẹ̀, wọn á fi owó ìpamọ́ yẹn gbé àgbẹ̀ ró. Àdéhùn gidi ni. Àmọ́ owó ìpamọ́ ń ga sí i, èyí tó ń padà sọ́wọ́ ẹni tó gbin kòkó kò tó nǹkan.

Láti 1954, owó náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba ẹkùn náà, dìde ní 1955. N kò ka ìyẹn sí àdánù, torí ọmọ àgbẹ̀ náà jókòó ní kíláàsì. Ohun tó ń dunni ni èyí tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker, tí wọ́n gbé dìde ní 1962, sọ pé ó rí: owó Bọ́ọ̀dù tó ṣàn lọ sápò ẹgbẹ́ òṣèlú.

Nígbà tó fi máa di 1968, owó orí ti wọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Ní ìgbèríko Ìbàdàn, Tàfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà dìde: ẹ dín owó orí kù, ẹ fi kún owó kòkó. Ní 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ìjọba sì dín owó orí kù. Ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn kan pè wọ́n. Lójú tèmi, olówó tó ń béèrè owó rẹ̀ ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé, ìjọba àpapọ̀ sì ń ra ajílẹ̀ òyìnbó fún títà ní ẹ̀dínwó. Ọ̀nà tí ajílẹ̀ yẹn ń gbà ló ba ètò náà jẹ́. Láti ọwọ́ kọngílá dé ìpínlẹ̀, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ olóṣèlú, àpò ń dín, àgbẹ̀ ń retí. Ní 1986 ìjọba fagi lé àwọn Bọ́ọ̀dù tó ń ra irè oko, oníkòkó wá ń dá ọjà rẹ̀ ná. Nígbà tí Akínwùmí Adésínà di mínísítà ní 2011, ó ní ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀ ni ajílẹ̀ ẹlẹ́dìínwó ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní 2012 ni wọ́n gbé pínpín ajílẹ̀ náà gba orí fóònù. Àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì, ìjọba san ìdajì yòókù. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ìyà jẹ wọn. Síbẹ̀, ìgbà yẹn ni orúkọ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ ìwé. Ìjọba mìíràn dé ní 2015, ó gbé ètò ẹ̀yáwó tirẹ̀ wá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí wọ́n bá tún gbé ètò ìrànwọ́ mìíràn dé, ẹ béèrè orúkọ àwọn tó gbà á ní abúlé yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní sàráà. Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965 ṣì wà ní Dùgbẹ̀. Owó kòkó àwọn baba yín ni wọ́n fi kọ́ ọ.